Ilẹ̀kùn Tí Ọkùnrin Kò Mọ̀ Ọ́n Ṣí

Ìròyìn tí ì bá gba ẹ̀mí là dé etí Mariyah lórí omi, nígbà tí ó ti fi ọjọ́ kan pẹ́ jù.

Ìkòròdú ni ó ti ń bọ̀. Ó gbé ilé ọmọláńgidi kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe lọ fún iléèwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níbẹ̀, ó sì sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Láti Ọjọ́rú ni wọn kò ti rí iná lò ládùúgbò náà, fóònù rẹ̀ sì ti kú fin-ín-fin-ín. Ní àárọ̀ Sátidé, nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Ẹbùtẹ́ Èrò, ọkùnrin kan tó jókòó tì í ṣàánú rẹ̀, ó yá a ní páwà-báǹkì. Fóònù náà tàn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ohùn Àdíját ni ó kọ́kọ́ gbọ́. Àdíját ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ta léèsì ní Jankara. Ó ti lọ ra ọjà ní Kùtọnu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀.

"Mariyah, kí ló dé tí o ò gbé fóònù? Gbọ́ o. Àbúrò ọkọ mi ti mutí yó, ó ń fọ́nnu fún mi. Ó ní òun àti àwọn jàǹdùkú ẹgbẹ́ òun máa wọ ilé yín lọ́la, lásìkò ìrun Jímọ̀, nígbà tí gbogbo ọkùnrin bá ti lọ sí mọ́sálásí. Mo pe Màmá, wọn ò gbé e. Ṣé o mọ̀ pé wọn kì í gbé nọ́ńbà tí wọn ò bá mọ̀. Kó wọn kúrò nílé o, jọ̀ọ́. Má jẹ́ kí ọ̀la bá yín níbẹ̀."

Mariyah wo ọjọ́ tí ohùn náà wọlé. Ọjọ́bọ̀. Ọ̀la tí Àdíját ń wí ti di àná.

Ó pe ilé, kò sẹ́ni tó gbé e. Ó pe Zayd, àfẹ́sọ́nà rẹ̀, fóònù rẹ̀ ti wà ní pípa. Omi ọ̀sà fọ́n sí i lójú àti lẹ́nu, kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbàkígbà tó bá ń bọ̀ láti orí omi, ó fẹ́ràn láti máa wo Ìsàlẹ̀ Èkó bí ẹni ń wo ohun ìṣeré: ilé tó fara ti ilé, òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ilé gíga tuntun tó yọrí láàárín wọn bí eyín tí kò bá àwọn yòókù dọ́gba. A máa rò ó lọ́kàn pé òun lè fi ìka méjì ṣí òrùlé kan, kí òun yọjú wo àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, kò fẹ́ ṣí òrùlé kankan. Ẹ̀rù ohun tó wà lábẹ́ tiwọn ń bà á.

Ilé náà wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nínú ọ̀nà tóóró kan tí èèyàn méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí èjìká wọn má kanra. Alhaja Àlímọ̀t, ìyá tó bí bàbá Mariyah, tí gbogbo ilé ń pè ní Màmá, ló ni ín. Ọ̀gá Ọlátúndé, tó ń ra ilé àtijọ́ láti fi kọ́ pláásà, ti ra ti ọ̀tún, ó ti ra ti òsì. Ti Alhaja nìkan ló há a lọ́fun bí egungun ẹja. Nígbà òjò, àwọn jàǹdùkú wá halẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹbí fi ilẹ̀kùn irin sí iwájú, tí wọ́n sì fi irin dí gbogbo fèrèsé. Láti ìgbà náà ni ọkàn wọn ti balẹ̀.

Ilẹ̀kùn irin náà ṣì dúró digbí nígbà tí Mariyah sáré dé. Kò sí ibi tí wọ́n ti họ ọ́. Ara rẹ̀ kọ́kọ́ fúyẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá rí ẹní tí wọ́n tẹ́ síta, àti àwọn èèyàn tó jókòó lórí rẹ̀, tí wọ́n rí i, tí wọ́n sì gbójú wọn sílẹ̀.

Àǹtí Hàwáwù, àbúrò bàbá rẹ̀, ló dìde. Ojú rẹ̀ kan ti wú pa. Báńdéèjì tó wà lápá rẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀.

"Níbo lo wà? Mariyah, níbo lo wà láti àná tí a ti ń pè ọ́?"

"Àǹtí, ta ni? Ṣé Màmá ni?"

"Màmá wà nínú yàrá. Wọ́n jù wọ́n lulẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì, wọn ò lè dìde, ṣùgbọ́n wọ́n ń mí. Bọ̀ọ̀dá Rájí ni."

"Ọsibítù wo ni wọ́n gbé wọn lọ?"

Hàwáwù wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ. "A ti sin wọ́n lánàá, kí oòrùn tó wọ̀. Ṣé o fẹ́ ká fi òkú mùsùlùmí dè ọ́ ni?"

Bọ̀ọ̀dá Rájí ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, káfíńtà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò dára mọ́ látìgbà tó ti já bọ́ lórí òrùlé. Òun ló tọ́ Mariyah dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀. Òun ló fi abala ayùn tó ti dá ṣe ayùn kékeré fún un, èyí tó fi ń gé igi tí kò nípọn ju ìtayín lọ. "Káfíńtà àwọn èèrà" ni í máa ń pè é. Nítorí ẹsẹ̀ yẹn ni kò fi lè rìn dé mọ́sálásí mọ́, ilé ló ti ń kírun. Ilé ni wọ́n sì bá a.

Ó wọlé. Inú ilé náà rí bí ẹni pé òmìrán kan gbé e lọ́wọ́, tó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, tó sì tún gbé e sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ Hàwáwù wà ní dídojúdé. Wọ́n ti fi àdá ya tìmùtìmù, wọ́n ti fọ́ àwo, wọ́n ti da gaàrí pọ̀ mọ́ gíláàsì. Lára ògiri, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ níbi tí ìka márùn-ún ti fà á wálẹ̀.

"Ibẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá dìmú," Hàwáwù wí láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò ní omijé nínú. "Mo wà nídìí ẹ̀rọ mi. N kò gbọ́ ariwo kankan, mo kàn gbójú sókè ni, mo rí wọn nínú pálọ̀. Láti ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ti yọ. Bọ̀ọ̀dá gbá ẹni àkọ́kọ́ ní òòlù, mo gbọ́ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe dún kó. Ni ọ̀kan bá fi àdá bẹ́ Bọ̀ọ̀dá léjìká. Bọ̀ọ̀dá ò ṣubú. Òmíràn wá fi ọ̀pá irin gbá ẹsẹ̀ tí kò dáa yẹn. Ìgbà tí Bọ̀ọ̀dá ṣubú tán, Mariyah, ńṣe ni wọ́n ń lù ú bí ẹni ń gún iyán. Mo fara bò ó, wọ́n là mí lápá. Wọ́n ń lù ú títí tí kò fi gbọ́wọ́ sókè mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí á kó jáde kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á padà wá fún Màmá."

"Láti ẹ̀yìn ilé? Níbo lẹ́yìn ilé?"

"Ilẹ̀kùn àwọn ìyá ni wọ́n gbà."

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ẹ̀yìnkùlé, tó dojú kọ ọ̀nà gọ́tà. Ẹni tó bá wò ó láti ìta yóò rò pé wọ́n ti kàn án pa láti ayé àtijọ́: pákó ńlá kan dábùú rẹ̀, ìṣó tó ti dípẹtà tò sí i lára. Irọ́ ni. Ara ilẹ̀kùn nìkan ni wọ́n kan pákó náà mọ́, kò kan férémù rárá. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò fọwọ́ méjèèjì gbé ilẹ̀kùn náà sókè díẹ̀, yóò tì í sọ́tùn-ún, yóò sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìyá tó bí ìyá Alhaja ló ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, nítorí òun fúnra rẹ̀ ti fìgbà kan sá fún ọkọ tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, ó lu ilẹ̀kùn kiri Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, kò sì sí ẹni tó ṣí i fún un. Láti ìgbà náà, bí ọmọbìnrin kan bá ń lọ sílé ọkọ ládùúgbò, àgbà obìnrin kan yóò fẹnu sí i létí pé: gbé e sókè, tì í sọ́tùn-ún. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé, omi ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún un mu. Wọn kì í bi í léèrè ohun tó ṣe. Kò sí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n ṣí. Bọ̀ọ̀dá Rájí, káfíńtà tí wọ́n bí sínú ilé náà, kò mọ̀ ọ́n. Bó bá ń kọjá níbẹ̀, ńṣe ló ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Igbe kan sọ láti ẹ̀yìnkùlé. Mariyah sáré jáde.

Àwọn obìnrin àdúgbò ti yí Àdùkẹ́ ká. Ìyàwó kékeré kan láti Lafiaji ni Àdùkẹ́. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ da omi gbígbóná sí i lójú, ló bá gba ilẹ̀kùn náà sá wọlé, ọ̀dọ̀ wọn ló sì ti ń gbé láti bí oṣù kan. Wọ́n ti fa bùbá rẹ̀ ya. Irun rẹ̀ wà nílẹ̀ ní ìṣù-ìṣù, ẹ̀jẹ̀ ń kán ní imú rẹ̀.

"Sọ ọ́! Ọkọ rẹ lo sọ fún, àbí?"

"Mo fi Kùránì búra, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ògiri tí ò bá lanu, aláǹgbá kan ò lè ráyè wọ̀ ọ́! Àwa tí a ti wà níbí látìgbà ìyá wa, ṣé àwa la wá lanu lánàá?"

"Nígbà tí wọ́n ń pa Rájí, ṣebí inú ṣálángá lo sá wọ̀!"

"Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀yin ìyá mi..."

Obìnrin kan fọ́ ọ létí. "Má pè mí níyàá rẹ! Aláìmoore. A fún ẹ lómi mu, o fún wa lẹ́jẹ̀."

"Ẹ gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ọlọ," ni òmíràn wí, ó ti mú ọmọ odó lọ́wọ́. "Ọwọ́ tó fi kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń ṣí i ni ká fọ́."

Wọ́n fa ọwọ́ Àdùkẹ́, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ọlọ ata. Ọmọbìnrin náà ń ké bí ewúrẹ́ iléyá. Mariyah kò wò ó. Ilẹ̀kùn náà ló ń wò. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi irin tẹ̀ ẹ́, kò sí ibi tí igi rẹ̀ ti ya. Ẹni tó ṣí i mọ̀ ọ́n dájú bí ẹni mọ ọ̀nà ẹnu rẹ̀. Mariyah rántí ohun tí òun fọwọ́ ara òun ṣe.

Nígbà ọyẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé kan, èyí tó dára jù lọ nínú gbogbo ilé ọmọláńgidi tó ti ṣe rí. Ilé Màmá gan-an ni. Páálí ni ògiri rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń lá áísìkiríìmù ni ó là sí wẹ́wẹ́ fi ṣe ilẹ̀kùn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ ló gé fi ṣe ọ̀pá fèrèsé, ọ̀rá líle tí wọ́n fi ń di ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ló sì di gíláàsì. Ó ri àjákù léèsì tí Àdíját fún un sínú gúlúù. Nígbà tó gbẹ tó sì le, ó lẹ̀ ẹ́ yí etí òrùlé ká, ó wá dà bí igi fífín tí àwọn káfíńtà àtijọ́ gbẹ́ sí etí òrùlé ilé Màmá. Ó fi omi tíì kun gbogbo igi rẹ̀ kí ó lè rí bí ohun tó ti gbó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ilé náà ló gbà á lọ́kàn jù. Ní tirẹ̀, ilé ọmọláńgidi tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ṣí, páálí lásán ni. Ó ṣe ilẹ̀kùn àwọn ìyá bó ṣe rí gẹ́lẹ́: igi ìṣáná ni pákó ìdábùú rẹ̀, orí píìnì tó fi iná sun dúdú ni ìṣó rẹ̀, ó la ojú ọ̀nà tóóró sínú férémù, kí ilẹ̀kùn náà lè máa yọ̀ nínú rẹ̀. Ó fi èékánná gbé e sókè, ó tì í sọ́tùn-ún. Ó ṣí. Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú yàrá. Kò wá sí i lọ́kàn pé òun tú àṣírí kankan. Ẹnu ni wọ́n fi ń tú àṣírí, òun kò sì la ẹnu sọ nǹkan kan.

Zayd ló wá tọrọ ilé náà. Iṣẹ́ éjẹ́ǹtì ilé ni Zayd ń ṣe. Ó rẹwà, ó lẹ́nu, ó ti kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá mọ Màmá. Ó ní òun fẹ́ fi ilé náà ta ọmọ ẹ̀gbọ́n òun lọ́rẹ. Ó ṣí gbogbo fèrèsé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó yí i po.

"Èyí ń kọ́? Èyí náà ń ṣí?"

"Ó ń ṣí."

"Irọ́! Wọ́n ti kàn án pa."

"Ojú ẹ ló fọ́. Gbé e sókè."

"Báyìí?"

"Ẹ̀ẹ́n-ẹn. Wá tì í sọ́tùn-ún."

Ilẹ̀kùn náà ṣí. Zayd súfèé. "Ìyàwó mi, ọwọ́ ẹ yìí, góòlù ló yẹ kí wọ́n fi bò ó." Ọ̀rọ̀ yẹn bá a sùn, ó bá a jí, fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ní ẹ̀yìnkùlé, obìnrin tó mú ọmọ odó ti gbé e sókè.

"Ẹ fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀," Mariyah wí. Wọn kò gbọ́. Ó fi èjìká ya àárín wọn, ó ti ọwọ́ Àdùkẹ́ kúrò lórí ọlọ, ó sì tẹ́ tirẹ̀ síbẹ̀. "Ọwọ́ tí ẹ̀ ń wá nìyí. Èmi ni. Mo ṣe ilẹ̀kùn náà sára ilé ọmọláńgidi, mo jẹ́ kó ṣí bí èyí ṣe ń ṣí, mo sì gbé e fún Zayd."

Hàwáwù gba ọmọ odó lọ́wọ́ ẹni tó mú un, ó sì fi ọwọ́ kan tó kù fún un sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ìwọ̀n ìbú ìka kan ló fi tàsé ọwọ́ Mariyah. Ọlọ náà là sí méjì. Hàwáwù ju ọmọ odó sílẹ̀, ó gbá a lẹ́nu, ó tún gbá a, ètè Mariyah là, ẹ̀jẹ̀ dà sí i láyà.

"Nítorí ọkùnrin! Nítorí ohun ìṣeré! O fi ẹ̀gbọ́n mi ṣeré!"

"Hàwáwù!" Ohùn Màmá jáde láti ojú fèrèsé, kò lókun, ṣùgbọ́n gbogbo ẹ̀yìnkùlé gbọ́ ọ. "Ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ ilé yìí kò tíì tó ọ? Mariyah, wá."

Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní. Ojú àgbàlagbà náà ti rọ̀ bí èso tó já bọ́.

"Zayd wa ni?"

"Òun ni, Màmá. Mi ò mọ̀..."

"Mo gbọ́ pé o ò mọ̀. Mú òòlù Rájí, kí o lọ kan ilẹ̀kùn yẹn pa. Ní tòótọ́. Ilẹ̀kùn tí ọkùnrin ti mọ̀ ọ́n ṣí ti di ẹnu ọ̀nà ikú. Ẹ̀mí mi kò gbé e mọ́."

Tawfiq, ọmọ Bọ̀ọ̀dá Rájí, wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ orúkọ náà. Ó wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó mú àáké jáde, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó lórí ẹní níta sì dìde tẹ̀ lé e. Hàwáwù jókòó sídìí ilẹ̀kùn irin, ó ń wo ẹ̀yìn wọn.

Mariyah kọ́kọ́ lọ bá Àdùkẹ́, tó ń fọ imú rẹ̀ nídìí kànga. "Àdùkẹ́, jọ̀ọ́..."

Àdùkẹ́ tutọ́ pupa sílẹ̀. "Ọwọ́ mi rèé, ó ṣì dá pé. Ìwọ ló gbà á sílẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n má tíì bẹ̀ mí lónìí." Ó kó etí bùbá rẹ̀ pọ̀ mọ́ àyà, ó wọlé lọ.

Ó ṣẹ́ ku Mariyah nìkan ní ẹ̀yìnkùlé. Àwọn tó kù ti wọlé kí ìrun Ásárì. Òòlù Bọ̀ọ̀dá Rájí wúwo, ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ó gbá ti gbẹ mọ́ ojú rẹ̀ pẹ̀lú irun díẹ̀. Ó mú ìṣó, ó gbé e sí ibi tí ilẹ̀kùn ti pàdé férémù. Ìṣó náà yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Ìgbà náà ni ó gbọ́ ariwo láti apá Jankara, tó ń dún bọ̀ bí òjò tó ń bọ̀ lórí páànù.

"Apànìyàn! Òun nìyẹn! Ẹ má jẹ́ kó lọ o!"

"Ẹ mú táyà yẹn wá!"

Ẹsẹ̀ dún nínú ọ̀nà gọ́tà. Ẹnì kan kọlu igi. Níwájú Mariyah, ilẹ̀kùn àwọn ìyá gbéra sókè díẹ̀, ó yọ̀ lọ sọ́tùn-ún, Zayd sì ṣubú wọlé lé e lẹ́sẹ̀.

Kò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Etí rẹ̀ kan ti fà já, ó rọ̀ mọ́ ọrùn rẹ̀. Eyín iwájú rẹ̀ kò sí mọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ̀ síbi tí ọwọ́ kì í tẹ̀ sí. Aṣọ rẹ̀ ti rin gbingbin, òórùn pẹtiróò sì kún gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ti dà á lé e lórí tán, ìṣáná nìkan ni kò tíì kàn án. Ó fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn náà padà sáyè rẹ̀, ó sì ká jọ sídìí ògiri.

Àwọn tó ń lé e ya dé.

"Ibo ló gbà?"

"Ibí ló gbà, mo rí i!"

"Ibo? Ṣé o ò rí pákó ni? Wọ́n ti kàn án pa!"

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀kùn náà, ẹsẹ̀ ń gbá a. Wọ́n ń tì í síwájú, wọn kò mọ̀ pé òkè ni í kọ́kọ́ lọ. Ohùn Tawfiq ló wá borí. "Mariyah! Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ń ṣí. Ṣí i fún mi!"

"Má ṣí i," Zayd ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mariyah, jọ̀ọ́. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ dẹ́rù bà yín ni. Ọ̀gá Ọlátúndé ní kò ní í sẹ́jẹ̀."

"Ọ̀gá Ọlátúndé ni ọ̀gá ẹ?"

Zayd fi apá aṣọ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀.

"O mọ̀ pé Bọ̀ọ̀dá Rájí kì í lọ sí mọ́sálásí mọ́. O mọ̀ pé ilé ni wọ́n á bá wọn."

"Mo rò pé wọ́n á sá."

"Pẹ̀lú ẹsẹ̀ wo?"

Zayd bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀jẹ̀ àti ikun pọ̀ lójú rẹ̀. "Nítorí tiwa ni mo ṣe ṣe é. Ó ṣèlérí fúláàtì kan fún wa. Fèrèsé ńlá, ìwọ ṣáà lo ń sọ pé o fẹ́ fèrèsé tí oòrùn á máa gbà wọlé."

Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti kọ́ fúláàtì náà lọ́kàn rẹ̀ tán, ó ti ta kọ́tìnnì sí i, ó ti gbé Zayd jókòó nínú rẹ̀ bí ọmọláńgidi. Nísinsìnyí, inú fúláàtì yẹn ni Bọ̀ọ̀dá Rájí dùbúlẹ̀ sí. Kò mọ ìgbà tí òun gbé òòlù náà sókè. Ó rí àtàrí Zayd ní ìsàlẹ̀, ó rí ibi tí yóò gbà á, ó sì mọ bí yóò ṣe dún. Zayd gbé ọwọ́ tó kù fún un sókè láti fi bo orí. Bí Bọ̀ọ̀dá Rájí náà ti ṣe nìyẹn, títí tí kò fi lè gbé e mọ́.

"Ṣí i, Mariyah!" Tawfiq ń ké bí ẹranko. "Bàbá mi ni! Bàbá tìẹ náà ni!" Ojú àáké wọ inú pákó ìdábùú, ó yọ jáde sínú ilé, ó ń tàn yànrànyànràn. "Ẹ lọ gba iwájú! Ẹ ní kí Àǹtí Hàwáwù ṣí ti iwájú!"

Mariyah sọ òòlù náà sílẹ̀. Ó lọ sídìí ìkòkò omi, ó bu omi sínú kọ́ọ̀pù, ó gbé e síwájú Zayd. "Mu ún."

Zayd mu ún, ìdajì rẹ̀ dà jáde láti ibi tí eyín rẹ̀ ti yọ. Ó gbójú sókè wò ó, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wọ inú ojú rẹ̀. "O ti dárí jì mí?"

"Rárá," Mariyah dá a lóhùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí ojú wọn lè ṣe mẹ́rin, àáké sì tún bọ́ lu ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀. "Ilẹ̀kùn yẹn lo gbà wọlé, a kì í fa ẹni tó bá gbà á wọlé fún ẹni tó ń lé e. Torí náà, màá fi ara mi dí ọ̀nà títí ọlọ́pàá á fi dé, mo sì ń pè wọ́n báyìí. Tawfiq ò ní í pa ẹ́ níbí. Ṣùgbọ́n mi ò ní í fẹ́ ẹ mọ́, Zayd. Màá dúró ní kóòtù níwájú ẹ, màá sọ pé ìwọ lo kó wọn wọlé, pé èmi ni mo sì kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń ṣí i."